Ẹ má gé okùn sẹ́yẹ lára: ọ̀rọ̀ mi sí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jùwọ̀ sókun

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ gbọ́ ná. Mi ò wá kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń so ìwọ̀ mọ́ okùn o, ìyẹn kún inú fídíò káàkiri, ẹ sì mọ̀ ọ́n ṣe ju bí àwa ṣe mọ̀ ọ́n lọ nígbà tá a bẹ̀rẹ̀. Ohun tó gbé mi dìde ni pé mo ń rí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nídìí ẹja pípa yìí, àwọn tó ń ṣe é fún ìgbádùn létí òkun, tí wọ́n ń ṣe àṣìṣe kan náà tí àwọn tó ṣáájú wa ṣe: tí ẹyẹ bá kó sí ìwọ̀ wọn, wọ́n á gé okùn, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n á yà á sórí fóònù, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Inú mi kì í dùn sí i rárá. Ìyẹn ni mo fi ní kí n to ohun tí mo mọ̀ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́, ìdẹ.

Ohun tí ẹja ń jẹ níbi tẹ́ ẹ dúró sí ni kẹ́ ẹ fi dẹ ẹ́. Kẹ́ ẹ tó ju ìwọ̀ kankan, ẹ wo iyanrìn lẹ́sẹ̀ omi, ẹ wo ara òkúta, tẹ́ ẹ bá sì ti mú ẹja tẹ́ ẹ fẹ́ jẹ, ẹ la ikùn ẹ̀ kẹ́ ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé akàn wẹ́wẹ́ ló kún un, kí lẹ ń fi ẹja gígé dà á láàmú fún? Edé tútù, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹja etí òkun tí kò ní í gbà á, ṣùgbọ́n ó rọ̀, àwọn ẹja wẹ́wẹ́ á ti bó o jẹ tán kó tó dé ìsàlẹ̀, torí náà ẹ fi iyọ̀ sí i mọ́jú, á le díẹ̀. Squid, ẹran òkun rírọ̀ tó lápá mẹ́wàá yẹn ní tiẹ̀, ẹran ẹ̀ yi, ó máa ń pẹ́ lórí ìwọ̀, òun ni mo máa ń lò níbi tí ìgbì bá ti le. Ekòló òkun ló dáa fún àwọn ẹja tó ń tú iyanrìn wá oúnjẹ. Ẹja ọlọ́ràá tí wọ́n gé, òórùn ẹ̀ ló ń bá a ṣiṣẹ́, omi ló sì ń gbé òórùn yẹn lọ, nítorí ẹ̀ ìgbà tí omi bá ń rìn lẹ máa lò ó, yálà ó ń kún ni o tàbí ó ń fà. Láàárín méjèèjì, nígbà tí omi bá dúró jẹ́ẹ́, ẹ kúkú jókòó kẹ́ ẹ jẹun.

Èyí tí wọn kì í sọ fún yín nípa ìdẹ ni ibi tó ti wá. Edé inú fíríìsà tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ òkèèrè fún jíjẹ, ẹ jẹ ẹ́, ẹ má jù ú sínú òkun. Lọ́dún 2016, àrùn edé kan tí wọ́n ń pè ní white spot wọ àwọn oko edé tó wà létí odò Logan ní Queensland, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Kì í ṣe àrùn tó ń ran èèyàn, ṣùgbọ́n edé ló ń pa, fíríìsà ò sì ń pa á, ara ohun tí wọ́n sì fura sí ni edé ilẹ̀ òkèèrè tí àwọn apẹja ń fi ṣe ìdẹ. Wọ́n pa edé oko wọ̀nyẹn dànù, wọ́n da kẹ́míkà sómi wọn, wọ́n tún ṣòfin pé kẹ́nikẹ́ni má kó edé tútù tàbí ekòló òkun jáde ní agbègbè yẹn láìjẹ́ pé wọ́n sè é, òfin yẹn sì pẹ́ nílẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀ràn ṣe lè tóbi tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdẹ ààyè tẹ́ ẹ rà níbòmíì, tó bá ṣẹ́kù, ẹ má sọ pé ẹ̀ ń ṣàánú ẹ̀ kẹ́ ẹ tú u sómi, torí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Ewé òkun tí wọ́n fi wé ekòló wá náà ńkọ́? Akàn kéékèèké àti ìgbín òkun máa ń wà nínú ẹ̀ láàyè, inú garawa ìdọ̀tí ni kó lọ.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń walẹ̀ wá ìdẹ fúnra yín, ẹ dí ihò tẹ́ ẹ gbẹ́. Òkúta tẹ́ ẹ yí, ẹ yí i padà bó ṣe wà, apá ibi tí nǹkan ń hù lé lórí kó kọjú sókè, torí àwọn nǹkan tó ń gbé abẹ́ ẹ̀, oòrùn á pa wọ́n tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ gbalasa. Abo akàn tó gbé ẹyin sábẹ́ ikùn, ẹ fi í sílẹ̀ kó máa lọ. Ìwọ̀nba tẹ́ ẹ máa lò lẹ kó.

Èkejì, ìwọ̀. Èyí ò ní í gùn. Tó bá jẹ́ ìdẹ gidi lẹ̀ ń lò, ẹ ra ìwọ̀ tí ẹnu ẹ̀ ká wọnú, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe róbótó, igun ẹnu ẹja ló sábà máa ń mú, kì í wọ ikùn lọ. Ẹ má fà á lójijì o! Ẹ kàn máa yí ríìlì, ohun tẹ́ ẹ fi ń ká okùn yẹn, díẹ̀díẹ̀, ẹja fúnra ẹ̀ á gbé e kọ́. Ẹ fi pláyà tẹ ẹ̀gún tó yà sẹ́yìn lára ìwọ̀ yẹn mọ́lẹ̀, ẹja ò ní í bọ́ tí okùn yín ò bá ti dẹ̀. Ẹ má ra irin tí kì í dípẹtà, torí èyí tó bá kù sára ẹran, ó yẹ kó lè jẹrà. Ẹja tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá padà, ẹ fi omi rẹ ọwọ́ yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, ohun tó ń yọ̀ lára ẹ̀ yẹn ló ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ àrùn, ẹ má sì fi ẹnu ẹ̀ nìkan gbé e kọ́ sókè torí kẹ́ ẹ lè ya fọ́tò.

Ẹ̀kẹta, ẹyẹ.

Ibí ni mo ń bọ̀ látòní. Nígbà tí mo ṣì kéré nídìí iṣẹ́ yìí, tó jẹ́ èmi ni mo ń ru kúlà àti àwọ̀n, ẹ̀gbọ́n kan wà tí gbogbo wa ń tẹ̀lé. Kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀ jù tó o lórí jẹ́tì yẹn, afárá tó nà wọnú omi tá a ti ń pẹja, mi ò ní í purọ́ mọ́ ọn. Ó lè ju ìwọ̀ kọjá ibi tí gbogbo yòókù ju tiwọn sí, kó sì bọ́ síbi tó fojú sùn gan-an. Ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan. Tó bá ti ń kun ẹja, á máa ju orí àti ìfun ẹ̀ sí àwọn òfú, ẹyẹ ńlá tó ní àpò lábẹ́ ẹnu yẹn, wọ́n á máa jà sí i, gbogbo èèyàn á máa rẹ́rìn-ín. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ó ti ń bọ́ wọn látìgbà tílẹ̀ ti mọ́, wọ́n ti tò sórí igi jẹ́tì, wọn ò lọ, kódà wọn ò wá oúnjẹ fúnra wọn mọ́, ọwọ́ ẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ìgbà tó wá fi ẹja kékeré ààyè sórí ìwọ̀, tó jù ú, tí kò fi òjé kankan tó máa fà á rì sí i, tó jẹ́ kọ́ọ̀kì pupa kan péré tó ń léfòó ló wà lórí okùn, kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀? Ẹja yẹn ò tíì rì tí òfú kan fi já wá látòkè, gbàgà, ó ti gbé e.

Ìwọ̀ kọ́ ọ ní àpò ọ̀fun. Ó ń lu apá, okùn sì ti lọ́ mọ́ apá òsì ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọ̀n wà lọ́wọ́ mi, àwọ̀n tó ní ọwọ́ gígùn, tó lè dé omi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e, ẹ rọra fà á wá, mo ti mú àwọ̀n." Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní ṣé èmi ni mo máa kọ́ òun níṣẹ́ tóun fi tọ́jọ́, ó ní òun ò lè fi àsìkò tí ẹja ń jẹ ṣòfò nítorí ẹyẹ. Ó yọ ọ̀bẹ, ó gé okùn níwájú ríìlì. Òfú yẹn fò. Okùn yẹn ń wọ́ tẹ̀ lé e nínú afẹ́fẹ́, kọ́ọ̀kì pupa yẹn ń ta gìrọ́gìrọ́ lẹ́yìn ẹ̀, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní ṣebí ó ti lọ.

Kò lọ síbì kankan. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn ni mo rí i nínú igi etí omi tí àwọn ẹyẹ máa ń sùn sí. Okùn ti há mọ́ ẹ̀ka, apá òsì ló fi rọ̀ dorí kodò. Ó ti kú. Náílọ́ọ̀nù yẹn ti gé awọ apá ẹ̀ wọlé débi pé egungun ń hàn, ìyẹ́ tó wà níbẹ̀ ti ṣí dànù, eṣinṣin ti bò ó. Kọ́ọ̀kì pupa yẹn ṣì wà lórí okùn, òun ni mo fi dá a mọ̀. Okùn tó kù ta já sórí ẹ̀ka kejì, ẹyẹ funfun kékeré kan tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ sì ti fi ẹsẹ̀ kó sínú ẹ̀, ìyẹn náà ti kú. Okùn kan ṣoṣo, ẹ̀mí méjì, ẹni tó gé e ò sì fìgbà kankan rí ohun tó ṣe.

Mo lọ sọ fún un. Mo mú kọ́ọ̀kì yẹn dání. Ó ní ẹyẹ pọ̀, ó ní kí n lọ kó yìnyín sínú kúlà.

Mi ò tíì dárí jì í o. Kì í ṣe torí pé kò mọ̀, gbogbo wa la ní ohun tá ò mọ̀. Torí pé wọ́n sọ fún un ni, àwọ̀n sì wà níbẹ̀, ó wá ka ipò àgbà sí ju ẹ̀mí lọ. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, àgbà tó bá wá jẹ́ pé òun gan-an ló wọ́ ọ ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa di ẹ̀gbọ́n fún àwọn míì lọ́la, tí ẹni tó ń ru kúlà yín bá ní kẹ́ ẹ dúró, ẹ dúró. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ̀ ń ru kúlà, ẹ sọ̀rọ̀, kódà tí wọ́n bá máa bú yín.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Tí ẹyẹ bá ti kó sí i, ẹ má gé okùn, ẹ má sì fà á bíi pé ẹja lẹ mú. Ẹ pe ẹnì kan mọ́ra, ẹni méjì ló ń ṣe é dáadáa. Ẹ yí ríìlì díẹ̀díẹ̀. Tó bá jẹ́ orí jẹ́tì gíga lẹ wà, àwọ̀n lẹ máa fi gbé e sókè, kì í ṣe okùn. Ẹ fi gíláàsì sójú torí àwọn míì máa ń fẹnu ta sí ojú. Ẹ da táwẹ́lì bo orí ẹ̀, òkùnkùn máa ń jẹ́ kára ẹ̀ balẹ̀, kẹ́ ẹ ká apá ẹ̀ mọ́ ara, kẹ́ ẹ di ẹnu ẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òfú, ẹ ti ìka kan sáàárín ẹnu ẹ̀ kó má pa dé tán, torí kò ní ihò imú níta bí ẹyẹ yòókù, ẹnu ló fi ń mí, àìmọye èèyàn ló ti fẹ́ ràn án lọ́wọ́ tí wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sé èémí mọ́ ọn nínú. Tí ìwọ̀ bá hàn, ẹ má fà á padà gba ibi tó gbà wọlé, ẹ tì í síwájú kí ẹ̀gún ẹ̀ yọ síta, ẹ fi pláyà gé ẹ̀gún yẹn, kẹ́ ẹ tó wá fa ìyókù padà. Ẹ wo abẹ́ apá, ẹ wo ẹsẹ̀, kí okùn kankan má ṣẹ́kù. Tó bá ti gbé ìwọ̀ mì, tàbí tó ṣèṣe gan-an, ẹ gbé e sínú páálí tó ní ihò afẹ́fẹ́, kẹ́ ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko tàbí àwọn tó ń tọ́jú ẹran ìgbẹ́. Nọ́ńbà wọn, inú fóònù yín ló yẹ kó wà kẹ́ ẹ tó jáde nílé.

Ìjàpá òkun náà, afẹ́fẹ́ òkè omi ló ń mí, tí okùn bá dì í mọ́lẹ̀ ó lè rì sómi kú. Ẹ má fi okùn gbé e, ó wúwo, ìwọ̀ á ya ọ̀fun ẹ̀. Ẹ fi àwọ̀n gbé e, tàbí kẹ́ ẹ rọra darí ẹ̀ wá sí èbúté, ẹ gbé e síbi òjìji, ẹ pe àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀. Tí kò bá wá ṣeé ṣe rárá, ìgbà yẹn nìkan lẹ lè gé okùn, súnmọ́ ìwọ̀ bó bá ṣe lè súnmọ́ tó, kí ohunkóhun má wọ́ tẹ̀ lé e lọ.

Ẹ má sì bọ́ wọn. Ẹyẹ o, ìjàpá o, lámùsóò tí wọ́n ń pè ní dolphin o, ẹran omi yòówù tó bá ti kọ́ pé ọwọ́ apẹja ni oúnjẹ wà, ìwọ̀ ló máa jẹ lọ́jọ́ kan. Ìfun ẹja, ẹ kó o sínú báàgì lọ sílé.

Ti òjé náà wà níbẹ̀. Ẹyẹ máa ń gbé èyí tó kéré mì bíi pé òkúta wẹ́wẹ́ ni, májèlé ẹ̀ a sì pa á, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n fòfin de títa àwọn òjé kéékèèké wọ̀nyẹn fún ẹja pípa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1987. Ẹ ra èyí tí wọ́n fi irin tàbí tánganran ṣe.

Okùn tó ti gbó ló kù. Láti 1935 tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe náílọ́ọ̀nù, kò sí ohun tó tíì rọrùn fún apẹja tó o, ṣùgbọ́n kì í jẹrà bọ̀rọ̀, àwọn onímọ̀ a máa fojú díwọ̀n ẹ̀ tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Tó bá há sí òkúta, ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ lọ gbà á nígbà tí omi bá ti fà. Èyí tẹ́ ẹ bá ká kúrò lórí ríìlì, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé e wẹ́wẹ́ kẹ́ ẹ tó jù ú sínú garawa ìdọ̀tí, kí àwọn ẹyẹ tó ń jẹ lórí ààtàn má bàa kó sí i, àmọ́ tí wọ́n bá ti ri páìpù fún okùn àlòkù mọ́ ojú jẹ́tì yín, inú ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ jù ú sí, kódà tó bá jẹ́ okùn ẹlòmíì lẹ rí nílẹ̀.