Ibi tí iná òpópónà bá ti tán ni kí ẹ ti ṣọ́ra jù

Bí ẹ bá bi àwọn tó ń wakọ̀ lóru pé ibo ni ẹ̀rù ti máa ń bà wọ́n jù, púpọ̀ nínú wọn á ní inú òkùnkùn biribiri ni. Èmi tí mo ń kó èrò láti Berger lọ sí Iléṣà àti Àkúrẹ́, tí ilẹ̀ sì máa ń ṣú mọ́ lójú ọ̀nà lọ́pọ̀ ìgbà, èrò tèmi yàtọ̀. Nínú òkùnkùn, dẹ́rẹ́bà mọ̀ pé òun ò ríran tó, kò dúró dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá ní kó rọra. Lábẹ́ iná òpópónà ni ọkàn ti ń balẹ̀ jù. Títì mọ́lẹ̀ kedere, a ti tẹ mọ́tò débi tó wù wá, ká tó mọ̀, òpó tó kàn ò tan. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ti pààlà yẹn ni mo máa ń ṣọ́ bí ẹní ṣọ́ olè.

Ojú wa kì í bá mọ́tò sáré dọ́gba. Ẹni tó bá ti inú ìmọ́lẹ̀ bọ́ sínú òkùnkùn nílò tó ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí ojú rẹ̀ tó mọ òkùnkùn náà lára tán. Ẹ ti rí i nílé: bí NEPA bá mú iná lọ, ẹ ò kọ́kọ́ ní rí ọwọ́ ara yín, nígbà tó bá yá ẹ ó máa rí àga àti ilẹ̀kùn. Nílé, ẹ lè jókòó dúró dè é. Mọ́tò tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ tó mítà 28 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Nítorí náà, bí mo bá ti rí i lókèèrè pé àwọn òpó iwájú ò tanná, ibi tí mo wà yẹn ni mo ti ń gbẹ́sẹ̀ kúrò kí eré lè dín kù, mi ò ní dúró kí n débẹ̀. Tí àwọn òpó bá sì wá ń tàn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀kan tàn, tí méjì kú, ìyẹn tún le sí i. Ní tèmi, ọ̀nà alámùúlùmálà bẹ́ẹ̀ burú ju èyí tí kò ní iná rárá lọ, torí ó ń tan ojú jẹ.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ dẹ́rẹ́bà kì í kíyè sí. Iná mọ́tò ń tan ènìyàn lára: aṣọ rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á mọ́lẹ̀, a ó rí i nínú òkùnkùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Iná òpópónà kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Títì ló ń tan, ẹni tó bá sì dúró lórí títì náà á hàn ní dúdú. Ìyẹn ò burú, a ṣáà rí i. Wàhálà wà níbi tí iná méjèèjì bá ti pàdé. Iná mọ́tò yín á mú aṣọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, á wá bá títì ẹ̀yìn rẹ̀ dọ́gba, ni ẹni náà bá pòórá. Kò kúrò níbẹ̀ o, ojú ni kò rí ìyàtọ̀ tó máa dì mú. Ẹni tó bá wọ aṣọ aláwọ̀ eérú ni mo ti rí i tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù.

Ohun tí mo wá ń ṣe ni pé mi ò wá ènìyàn mọ́. Títì ni mò ń wò, àti ìlà funfun tí wọ́n fà sí i. Ibi tí ìlà yẹn bá ti já, tàbí tí ìmọ́lẹ̀ ilẹ̀ bá ti gé lójijì, nǹkan kan ló dí i: ẹsẹ̀ ènìyàn ni o, táyà tírélà tó bẹ́ ni o, kòtò ni o. Ẹ tẹ bíréèkì ná, kẹ́ ẹ tó mọ orúkọ rẹ̀.

Iná ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kì í sì í ṣe iná ọ̀nà. Ẹ wo Ìbàfò àti Mọ̀wé lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ìsọ̀ wà létí títì, gílóòbù ń tàn, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, ojú á sá lọ síbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ìsọ̀ ti fi ojú yín sí ìwọ̀n tirẹ̀, títì iwájú yín á wá ṣú ju bó ṣe yẹ lọ. Inú ibi tó ṣú yẹn gan-an ni ẹni tó gbé ẹrù sórí ti ń sọdá, tó fẹ́ fo kọnkéré àárín. Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí iná ìsọ̀, ẹ gbà pé ẹnìkan ń sọdá, bí ẹ ò tilẹ̀ tíì rí i.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Lórí ọ̀nà márosẹ̀, òfin gba ayọ́kẹ́lẹ́ láyè títí dé 100. Kí ọpọlọ tó mọ̀ pé nǹkan wà níwájú, kí ẹsẹ̀ tó dé bíréèkì, bí ìṣẹ́jú àáyá kan àti ààbọ̀ ti lọ, ìyẹn mítà 42. Kí mọ́tò tó dúró lórí títì gbígbẹ, tí táyà bá dára, ẹ fi bí mítà 55 kún un. Ó ti ń lọ sí mítà 100. Iná dímù, èyí tó ń wolẹ̀ nítòsí, kì í sì í sábà fi ẹni tó wọ aṣọ dúdú hàn kọjá bí mítà 50. Ní 60, gbogbo rẹ̀ ò ju bí mítà 45 lọ, iná dímù yín lè ká a. Èrò á máa kùn lẹ́yìn: "Dẹ́rẹ́bà, ṣé epo lẹ̀ ń tọ́jú ni?" Ẹ jẹ́ kí wọ́n kùn.

Níbi tí kò bá sí ẹni tó ń bọ̀, mo máa ń tan fúùlù, iná tó ń lọ jìnnà. Ṣùgbọ́n lọ́nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, níbi tí lílọ àti bíbọ̀ ti ń kọjú síra wọn, ẹnìkan á kọjú fúùlù tirẹ̀ sí ẹ, kò ní dín in. Mi ò kí ń wo iná rẹ̀, mi ò sì kí ń gbẹ̀san, torí ẹni méjì tí kò ríran tí wọ́n ń sáré pàdé ara wọn, ta ni yóò jàre? Ọ̀tún ni mo máa ń kọjú sí, sí ìlà etí títì, màá sì dín eré kù. Bó bá kọjá tán, ojú kì í padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má tíì fi kún eré. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń ti LED bọ inú iná tí wọ́n ṣe fún gílóòbù àtijọ́, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń fọ́n káàkiri ni, ojú ẹni tó ń bọ̀ ló ń kó o. Ẹ jọ̀ọ́.

Ti àgbà tún wà níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ ojú ẹni 60 ọdún kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tó ń wọ ti ẹni 20 ọdún. Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ń fi bàbá yín sídìí mọ́tò lálẹ́ torí pé "bàbá mọ ọ̀nà," bàbá lè mọ ọ̀nà kó má rí ohun tó dúró lórí rẹ̀.

Ike iwájú iná mọ́tò tòkunbọ̀ máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú torí oòrùn. Ọṣẹ ìfọyín lè fọ̀ ọ́ fún ìgbà díẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n ha ló dára jù. Kí ríwáyà bá yín wo ibi tí iná náà kọjú sí. Gíláàsì iwájú, ẹ nu inú rẹ̀ pẹ̀lú, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Bí òjò bá ń rọ̀, omi ojú títì ń dá iná òpópónà padà sójú, kòtò tó kún fómi á sì tẹ́jú bákan náà pẹ̀lú títì.

Ó ku ti mọ́tò tó bàjẹ́ sójú ọ̀nà. Ewé tí a máa ń já sílẹ̀ lẹ́yìn mọ́tò, ọ̀sán ló wà fún. Lóru, kí ẹni tó ń bọ̀ tó rí ewé, ó ti dé ìdí tírélà tí kò tanná ẹ̀yìn. C-caution, onígun mẹ́ta pupa tó ń ṣèkìlọ̀, ló ń dán bí iná bá kàn án. Ẹ má gbé e sẹ́bàá bọ́ńpà, ẹ ka ìṣísẹ̀ tó 100 sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ kété tí iná òpópónà tán ni mọ́tò kú sí, ẹ gbé e padà sínú ibi tó mọ́lẹ̀, kí wọ́n rí i kí wọ́n tó wọ òkùnkùn. Kí èrò kúrò lórí títì pátápátá, kí ẹnìkan nínú wọn pe 122, nọ́ńbà Road Safety, ọ̀fẹ́ ni. Èmi máa ń ní fẹ́ẹ̀sì tó ń dán nínú iná lábẹ́ sítì mi. Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ wọ̀ kí n tó gbé C-caution, torí èmi tí mò ń rìn lọ gbé e kalẹ̀ náà wà lórí títì.