Ìgbín mẹ́fà nínú ọpọ́n ayò

Kí n tètè là á kẹ́ ẹ má baà máa rò pé owó ti wọlé: kì í ṣe èmi ni mo san owó oúnjẹ yìí o. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ó ti pẹ́ tó ti jẹ mí ní gbèsè oúnjẹ Faransé, ìgbà tó wà ní school níbí ló ti ṣèlérí ẹ̀, mo tiẹ̀ ti gbàgbé, àfi bó ṣe pè mí ní Friday pé òun ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta, pé kí n má dán an wò kí n jẹun alẹ́ Saturday.

Bọ́njúù là ń pè é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Àgbádárìgì, ẹ mọ French Village tó wà ní Àjárá. 1991 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ Faransé ní yunifásítì wa máa ń lọ lo ọdún kan nílẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, nígbà tí owó ẹ̀ wá di nǹkan tápá ò ká mọ́, ìjọba kúkú kọ́ ìlú Faransé kékeré síbí, nítòsí bọ́dà, kí wọ́n máa wá síbẹ̀. Bọ́njúù wà lára àwọn tó wá. Búrẹ́dì ló so wá pọ̀, torí màámi máa ń ta búrẹ́dì gígùn tó ń wọlé láti Sẹ̀mẹ̀, àràárọ̀ ló ń dé ìsọ̀ wa tá á fi "bọ́njúù" kí màámi, Ègùn pọ́ńbélé tí ò gbọ́ ju bọ́njúù yẹn náà lọ. Bí orúkọ ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn.

Aago mẹ́fà ló yẹ kó dé, ó ti lé ní mẹ́jọ kó tó bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Títì Èkó sí Àgbádárìgì, kí ni mo tún fẹ́ sọ.

Ilé oúnjẹ yẹn ò ní síńbọ̀dù, ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n á kọjá ẹ̀. Tébù márùn-ún péré, iná tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, fáànù kan tó ń ké kíì kíì, òórùn àlùbọ́sà àti bọ́tà tó ti kún gbogbo yàrá, ara èèyàn á kàn balẹ̀ fúnra ẹ̀. Ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni màmá tó ni ín, ó ti se oúnjẹ fún òyìnbó Faransé kan ní Kútọnu fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó wá fẹ́ ọkọ síbí.

Sísí tó ń gbé oúnjẹ wá bá wa. Bọ́njúù yanjú ọ̀fun, ó tú Faransé jáde, Faransé tó dùn bí orin, tó fẹnu rọra ká "r" bíi pé Paris ni wọ́n ti gbé e jó. Sísí yẹn wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó fi Ègùn dá a lóhùn. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rẹ́rìn-ín débi pé mo di tébù mú. Wọ́n bí ọmọ náà síbí ni, orúkọ oúnjẹ inú mẹ́nù nìkan ló mọ̀ ní Faransé! Láti ìgbà yẹn lọ, Bọ́njúù ń ka mẹ́nù, èmi ń fi Ègùn pàṣẹ. 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó pín ilẹ̀ yìí mọ́ra wọn lọ́wọ́, wọ́n la àwọn Ègùn sí méjì láì bi ẹnikẹ́ni, ọmọ bàbá kan náà lè wà ní Àjàṣẹ́ tó ń kọ́ Faransé kí èkejì wà níbí tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ tí wọ́n bá pàdé níbi òkú, Ègùn náà ni wọ́n máa fi ṣe é.

Búrẹ́dì ló kọ́kọ́ dé, pẹ̀lú bọ́tà. Ọmọ oníbúrẹ́dì ni mí, mi ò mọ ibi téèyàn ti ń dúró. Bọ́njúù ní kí n rọra o, oúnjẹ ṣì ń bọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá mi lẹ́kọ̀ọ́ (tíṣà ni, kò lè ṣe kó má ṣe é): pé ní Faransé, òfin wà láti 1993, búrẹ́dì tí wọ́n bá fẹ́ pè ní ti ìbílẹ̀, ìyẹ̀fun, omi, iyọ̀ àti yíìsì ni, wọn ò gbọ́dọ̀ po kẹ́míkà ìtọ́jú kankan mọ́ ọn, pé ní 2022 UNESCO kọ ọgbọ́n ṣíṣe búrẹ́dì gígùn yìí sílẹ̀ lára ogún ayé. Mo ní ṣé UNESCO ti jẹ búrẹ́dì Agége tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú iná rí? Kò dá mi lóhùn.

Ọbẹ̀ àlùbọ́sà tẹ̀ lé e. Mo ti fẹ́ máa ráhùn pé àlùbọ́sà lásán la wá rà, ni màmá bá jáde láti kíṣìnì torí ó gbọ́ Ègùn lẹ́nu mi, ó wá dúró tì wá, ó ń ṣàlàyé. Inú bọ́tà ló ń yan àlùbọ́sà yẹn sí, lórí iná jẹ́jẹ́, ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan, kò gbọ́dọ̀ kánjú, títí tó fi máa pọ́n bí oyin ìgàn, kó tó wá da omi ẹran màlúù sí i. Búrẹ́dì á lé téńté lórí ẹ̀, wàrà òyìnbó á bò ó, ó di inú ààrò. Mo bi í pé ṣé wàrà àwọn Fúlàní ò lè ṣe é. Ó ní ìyẹn kì í yọ́, o lè dín in títí di ọ̀la. Tiwọn yìí ń fà bí ilá. Mo fi síbí gbé e, ó ń tẹ̀ lé mi bọ̀ lẹ́nu, Bọ́njúù ń ya fọ́tò.

Ìgbín wá dé. Àwo ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, àwo irin olójú mẹ́fà, ìgbín kan nínú ojú kọ̀ọ̀kan tòun ti ìkarahun ẹ̀, bọ́tà oníaáyù ń hó lẹ́nu ẹ̀. Mo ní Bọ́njúù, ìhà kan ọpọ́n ayò rèé! Ó ní wọ́n ń ta méjìlá náà, kí ọpọ́n pé. Ṣùgbọ́n ayò gidi, mẹ́rin mẹ́rin là ń kó sójú kan, ẹyọ kọ̀ọ̀kan wo ni mo fẹ́ ta? Ìgbín tí mò ń rí lọ́jà Àgbálátá tó ìkúùkù, eléyìí ò ju ìṣáwùrú lọ. Màmá ní kékeré ni ti Faransé máa ń jẹ́, ni òun ṣe ń ṣa ọmọ ìgbín wa. Wọ́n fún mi ní ẹ̀mú kékeré àti fọ́ọ̀kì eléyín méjì, mo fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fa ìkarahun yẹn mu fíì. Ó dùn o, mi ò ní purọ́, aáyù yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ata ni ò sí. Mo rọra sọ fún sísí yẹn, ló bá lọ bu ata gígún táwọn fúnra wọn ń jẹ ní kíṣìnì wá. Bọ́njúù fọwọ́ bojú.

Àkùkọ tí wọ́n sè nínú wáìnì pupa ni mo jẹ lẹ́yìn ìyẹn, àkùkọ àgbà, ọgbọ́n tí wọ́n dá sí ẹran líle nìyẹn. Mùsùlùmí ni Bọ́njúù, ẹja ló jẹ, tí wọ́n yí nínú ìyẹ̀fun tí wọ́n fi bọ́tà dín. Kò pẹ́ tí ọwọ́ ẹ̀ fi yọ́ wá sínú ata mi. Ohun tá a sọ láàárín ìgbín àti ẹja yẹn, tiwa nìyẹn, kò kàn yín.

Ó wá ku bíìlì. Ó ní òun ò ní gbà, Faransé lòun máa fi pè é dandan. Ó nawọ́ sókè, ó sọ ọ́. Sísí yẹn mi orí, ó wọlé lọ, ó gbé búrẹ́dì míì wá fún wa. Mo ní kó bá wa wá nylon.

Orí ọ̀kadà ni èmi àti búrẹ́dì yẹn bá délé, ìdajì ẹ̀ wà níta. Lọ́wọ́ àárọ̀, màámi mú un, ó fi kan tébù gbá gbá, ó fi sí imú.

"Èló ni wọ́n ń ta eléyìí?"