Ilé Tuntun, Sípíkà Tó Ń Kùn

Nígbà tí mo kó kúrò ní Muṣin lọ sí Ìkòròdú, orí itan mi ni mo gbé sípíkà méjèèjì tí mo fi ń ṣiṣẹ́ lé nínú ọkọ̀. Ohùn ni mo ń tò fún àwọn tó ń ṣe ètò rédíò. Bí sípíkà bá bàjẹ́, ọ̀nà oúnjẹ mi ló dí yẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, NEPA mú iná wá, mo tan kọ̀ǹpútà. N kò tíì tẹ nǹkan kan tí sípíkà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, hùn-ùn-ùn, bí oyin tó há sínú agolo.

Mo rò pé kòtò ojú ọ̀nà ló bà wọ́n jẹ́. Mo gbé wọn lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ó gba owó lọ́wọ́ mi, ó ní òun ti pààrọ̀ nǹkan nínú wọn. Mo gbé wọn délé, wọ́n tún ń kùn. Owó yẹn ṣì ń dùn mí, torí ohun tí ì bá là mí lóye kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Mo fa wáyà ohùn yọ kúrò lára kọ̀ǹpútà, mo sì fi sípíkà sílẹ̀ lórí iná. Wọ́n dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo ki wáyà náà bọ láptọ́ọ̀pù àbúrò mi tó ń lo bátìrì, kò sí ariwo. Bí mo ṣe ki ṣájà rẹ̀ mọ́ ògiri báyìí, kíkùn dé. Sípíkà kò ṣẹ̀. Ohun mìíràn tún wà tó yẹ kó ti kì mí nílọ̀: bí mo bá fọwọ́ kan irin ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ariwo náà á yí padà, iná á sì máa ta mí wìnnìwìnnì. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí ní Muṣin.

Mo pe oníná. Ó pa iná ilé pátápátá, ó ṣí sọ́kẹ́ẹ̀tì. "Àǹtí, ẹ wá wò ó." Wáyà pupa àti dúdú nìkan ló wà níbẹ̀. Ihò òkè, tí ẹsẹ̀ gígùn pílọ́ọ̀gì ń wọ̀, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Wáyà tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní earth, èyí tó ń wọ ilẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta máa ń ti iná díẹ̀ gba ibẹ̀ lọ sínú ilẹ̀. Bí kò bá rí ọ̀nà, iná yẹn á dúró sára irin rẹ̀, á sì gba wáyà ohùn lọ bá sípíkà. Iná tiwa ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ibẹ̀ ni kíkùn yẹn ti ń wá.

Bàbá onílé kọ́kọ́ ní láti ìgbà tí òun ti kọ́lé, ẹnikẹ́ni kò ráhùn. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tó bá fi ọwọ́ tútù kan fìríìjì ńkọ́?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ká pín owó náà sí méjì. Oníná ri ọ̀pá bàbà mọ́lẹ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti máa ń tutù, ó da èédú àti iyọ̀ sí i, ó sì fa wáyà láti ibẹ̀ wọ gbogbo yàrá. Lálẹ́ ọjọ́ náà, irin kọ̀ǹpútà kò ta mí mọ́.

Kíkùn díẹ̀ ṣì kù, torí ògiri kan ni mo ti fún kọ̀ǹpútà níná, òmíràn ni mo ti fún sípíkà. Mo kó gbogbo wọn sórí ẹkitẹ́ńṣọ̀n kan ṣoṣo, ó tán. Tít-tít-tít tó máa ń ṣáájú ìpè, fóònù ló ń fà á. Ẹ gbé e jìnnà sí sípíkà.

Ẹnì kan ti gbà mí nímọ̀ràn pé kí n gé ẹsẹ̀ gígùn pílọ́ọ̀gì kí ariwo lè lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Bí wáyà bá já sára irin ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ yẹn ni iná ń gbà lọ sílẹ̀. Bí ẹ bá gé e, ara yín ni yóò gbà. Ìdérí báírò tí a máa ń ki bọ ihò òkè kí pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè wọlé, ẹ dẹ́kun ìyẹn náà.

Kí ẹ tó sanwó ilé, ẹ mú oníná dání, kó pa iná, kó ṣí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan. Wáyà mẹ́ta ni kí ẹ wá. Ìkẹta sábà máa ń ní àwọ̀ ewé, tàbí àwọ̀ ewé pẹ̀lú ìlà àwọ̀ ìyeyè.