Àkókó orí ibojì: láti Abney Park dé Omù-Àrán

Ní Omù-Àrán tí wọ́n bí mi sí, iwájú ilé ni ibojì bàbá àgbà wa wà. Orí sìmẹ́ńtì rẹ̀ la ti ń sá èlùbọ́. Òkú wa kì í jìnnà sí wa. Ìdí nìyí tí Abney Park ní Lọ́ńdọ̀nù fi yà mí lẹ́nu: igbó kìjikìji láàárín ìgboro, tí òkúta ibojì ń yọrí láàárín igi.

Ọdún 1840 ni wọ́n ṣí itẹ́ òkú náà ní Stoke Newington. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Joanna Vassa sí, ọmọ Olaudah Equiano tó bá òwò ẹrú jà. Mo máa ń yà kí i. Nígbà tó di àwọn ọdún 1970, ilé-iṣẹ́ tó ni ín wọ gbèsè, ìtọ́jú dópin, igi sì gba ilẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Hackney wá gbà á, wọn ò sì gé igbó náà kanlẹ̀.

Igi tó ti kú ló wù mí jù níbẹ̀. Wọn kì í wó o, àfi tó bá lè ṣubú lu èèyàn. Kòkòrò á wọnú rẹ̀, àkókó á tẹ̀lé kòkòrò, á sì gbẹ́ ihò sára rẹ̀ láti yé sí. Tí àkókó bá kúrò, ẹyẹ tí kò lè gbẹ́ igi á gba ihò náà. Ayékòótọ́ aláwọ̀ ewé wà lára wọn, irú èyí tó ń gbé àríwá Nàìjíríà. Tí mo bá gbọ́ ariwo wọn nínú òtútù Fẹ́búárì, orí mi á wú.

Òwìwí náà wà níbẹ̀. Nígbà tí mo lọ sílé ní Omù-Àrán tí mo sọ ọ́ fún màmá mi, wọ́n ní, “Ẹyẹ àjẹ́, lórí ibojì, ìwọ náà dúró ò ń wò ó?” Mo ní, “Màmá, eku ló ń wá jẹ.”

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí itẹ́ òkú àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Elulùú ń ké nínú koríko, ẹ̀gà kún orí ọ̀pẹ, àkókó kan sì ń kan ìrókò gbígbẹ. Ọdọọdún ni wọ́n ń dáná sun ibẹ̀ lọ́yẹ́, nítorí ejò. Mo bẹ àwọn àgbà ìjọ pé kí wọ́n dá ìrókò yẹn sí, kí wọ́n sì dẹ́kun iná. Wọ́n ní ìrókò lè dúró. Ní ti iná, wọ́n ní tí n kò bá fẹ́ ẹ, kí n máa san owó ẹni tí yóò fi àdá ṣán ojú ọ̀nà. Mo ti fi ti ọdún yìí ránṣẹ́.