Ọ̀pá ìwé ìròyìn: ohun tí mo kọ́ nípa ṣíṣe é àti lílò ó

Ìwé ìròyìn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà kì í sábà ya lọ́wọ́ àwọn tó ń kà á. Ibi tí a ti dì í mú ló ti máa ń ya. Ẹ̀kọ́ tó ṣe kókó jù tí mo kọ́ nídìí ọ̀pá ìwé ìròyìn nìyẹn. Bí ọ̀pá bá fún bébà ní ọgbọọgba láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìwé ìròyìn kan á ti ọwọ́ dé ọwọ́ látàárọ̀ dalẹ́ láìfàya. Bí ó bá fún un pinpin níbì kan tó sì dẹ̀ ẹ́ níbòmíràn, kò ní pẹ́ tí abala àárín á fi yọ bọ́ sílẹ̀.

Fún ẹni tí kò tíì rí i rí, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó gùn ju ìwé ìròyìn lọ díẹ̀, ó là sí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní gígùn rẹ̀, ó sì ní ibi ìdìmú nísàlẹ̀. Àárín ibi tó là yẹn ni a ń ki ojú ìṣẹ́po ìwé ìròyìn bọ̀. Bí a bá ti dì í pa, ọwọ́ kan tó láti gbé e, ọwọ́ kejì á máa ṣí ojú ìwé. Ìlú Vienna, ní orílẹ̀-èdè Ọ́stríà, ni òkìkí rẹ̀ ti kàn jù. Láti nǹkan bí ọdún 1720 ni ilé kọfí Kramer ti ń kó ìwé ìròyìn sílẹ̀ fún àwọn oníbàárà níbẹ̀, àwọn ilé kọfí yòókù sì gba àṣà náà. Ẹni tó bá ra ife kọfí kan ṣoṣo lè jókòó pẹ́ títí kó ka gbogbo ìwé ìròyìn tó wà nílé náà, kò sẹ́ni tí yóò lé e. Lọ́dún 2011, wọ́n fi àṣà ilé kọfí Vienna sínú àkójọ àṣà àjogúnbá tí ẹ̀ka Ọ́stríà ti UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, ń tọ́jú. Bí bébà bá wà lórí ọ̀pá, kò ṣeé ká bọ abẹ́ apá jáde lọ, ìyẹn sì dára fún onílé kọfí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kejì ni mo kà sí jù: òun ló ń so àwọn abala tí kò so mọ́ra pọ̀.

Ẹ wo ìwé ìròyìn olójú-ìwé 48. Abala 12 péré ló wà níbẹ̀, ojú ìwé mẹ́rin ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ṣẹ́ wọn po, wọ́n sì to ọ̀kan sínú èkejì. Kò sí òwú, kò sí gọ́ọ̀mù, kò sí pín-ìnnì. Bí ẹni mẹ́ta bá ti kà á, pàápàá níbi tí fáànù òkè ti ń fẹ́, ojú ìwé 5 á ti wà lẹ́yìn 30. Ọ̀pá ló ń ṣe iṣẹ́ tí pín-ìnnì kò ṣe.

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà fi ọ̀pá di bébà mú, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì fura pé wọ́n yàtọ̀. Ọ̀nà kìíní ni kí a fi igi méjèèjì há etí ìṣẹ́po náà láti iwájú àti ẹ̀yìn. Ó yá láti ṣe, ṣùgbọ́n bébà 24 ló ń wà láàárín igi méjì nígbà náà, nítorí pé abala kọ̀ọ̀kan ka ẹ̀ẹ̀mejì. Gbogbo ojú ìwé á pàdánù nǹkan bíi sẹ̀ntímítà kan létí, ìwé náà kò sì ní tẹ́ bí a bá ṣí i. Ọ̀nà kejì ni kí a ṣí ìwé ìròyìn sí àárín gbùngbùn, kí a tẹ́ igi kan sínú ìṣẹ́po láti inú, kí èkejì wà lẹ́yìn rẹ̀ níta. Bébà 12 péré ló wà láàárín wọn báyìí. Bébà ìwé ìròyìn kì í nípọn ju nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá mílímítà kan lọ bí a bá to mẹ́wàá léra, nítorí náà gbogbo abala 12 kò pé mílímítà kan. Ọ̀nà kejì yìí ni mo fara mọ́. Àwọn ojú ìwé ń ṣí dáadáa, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó ń há sábẹ́ igi, bí igi inú kò bá ti fẹ̀ ju sẹ̀ntímítà 1.2 lọ.

Kí ẹ tó gé igi, ẹ wọn ìwé ìròyìn tí ẹ fẹ́ lò ó fún. Gígùn ojú ìṣẹ́po ni kí ẹ wọ̀n, kì í ṣe fífẹ̀. Ẹ fi sẹ̀ntímítà 3 kún un fún orí ọ̀pá tí rọ́bà yóò dì, kí ẹ sì fi 15 sí 18 kún un fún ibi ìdìmú. Ìwé ìròyìn kékeré, irú èyí tó pọ̀ jù ní Nàìjíríà lónìí, nílò ọ̀pá tó tó sẹ̀ntímítà 60. Àwọn tó fẹ̀, tí ojú ìwé wọn ga tó nǹkan bíi 57 sí 60, á gba 80. Kò yẹ kí a fi ọ̀pá gígùn há ìwé kékeré: ibi tí kò sí bébà á mú kí igi pàdé ara wọn níbẹ̀, wọn á sì là sílẹ̀ níbi tí bébà wà.

Ọparun ni mo máa ń gbani nímọ̀ràn láti lò. Ó fúyẹ́, ó le, kì í tètè tẹ̀. Kí ó gbẹ dáadáa ṣá o, nítorí pé ọparun tútù á sún kì tó bá gbẹ, á sì wọ́. Ẹ la pákó méjì láti ara ọparun tí ara rẹ̀ nípọn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 1.2, kí ó nípọn tó mílímítà 8. Bí ẹ bá fẹ́ lo igi, ẹ yan èyí tí ojú rẹ̀ tọ́, tí kò ní kókó. Ìrókò dára ṣùgbọ́n ó wúwo. Ọ̀mọ̀ fúyẹ́ jù ú lọ. Ọ̀pá sẹ̀ntímítà 80 gbọ́dọ̀ nípọn sí i, ó kéré tán mílímítà 12 fún pákó kọ̀ọ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa tẹ̀ bí a bá gbé e dúró.

Ẹ fá ojú tí méjèèjì fi dojú kọ ara wọn kí ó tẹ́. Kókó ọparun gbọ́dọ̀ tẹ́ bákan náà, nítorí pé ibi tó bá yọ ni yóò fún bébà, ibi yòókù á kàn fara kàn án lásán. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sáńdípépà 120, èyí tó le lára, fá gbogbo ara rẹ̀, kí ẹ fi 240, èyí tó kúnná jù ú lọ, parí rẹ̀. Ẹ rọ àwọn etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wọ́n rí roboto díẹ̀. Ẹ fà aṣọ síliìkì tàbí ìbọ̀sẹ̀ obìnrin kọjá lára rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ibi tó bá ti kọ́ aṣọ, á ya bébà.

Ibi ìdìmú ló kàn, ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti ń bàjẹ́ jù. Bí ẹ bá kàn so pákó méjèèjì pọ̀ nísàlẹ̀ láìsí ohunkóhun láàárín, tí ẹ wá ki bébà sí òkè, wọ́n á ṣe bí ẹsẹ̀ tó yà. Bébà tó wà nítòsí ọwọ́ á há, èyí tó wà lókè á dẹ̀. Ohun tó yẹ ni kí ẹ gé ìwé ìròyìn àtijọ́ tó fẹ̀ tó pákó, tó gùn tó ibi ìdìmú, kí ẹ to bébà 10 léra, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n sáàárín pákó méjèèjì níbẹ̀. Ẹ rí i pé 10 ni, kì í ṣe 12. Ìyàtọ̀ kékeré yẹn ló ń jẹ́ kí igi ṣì máa fún bébà lẹ́yìn tí a bá ti dì í. Ẹ wá fi okùn òwú tàbí aṣọ wé ibi ìdìmú náà kíkankíkan títí tí yóò fi tóbi tó sẹ̀ntímítà 3 ní fífẹ̀. Ọwọ́ àgbàlagbà kì í lè di ohun tẹ́ẹ́rẹ́ mú pẹ́. Ẹ má lo wáyà irin lásán; òógùn ọwọ́ á mú un dípẹtà, ìpẹtà náà á sì pọ́n bébà.

Ìṣòro kejì ni àárín. Orí ọ̀pá ti dì, ìdí ti dì, ṣùgbọ́n àárín á là, abala inú á sì máa yọ́ sísàlẹ̀. A kò lè fi rọ́bà dè é níbẹ̀ nítorí pé ojú ìwé ni yóò dí. Nígbà tí ẹ bá ń fá pákó inú, ẹ jẹ́ kí àárín rẹ̀ ga ju ìpẹ̀kun méjèèjì lọ pẹ̀lú nǹkan bíi mílímítà kan, kí gíga náà máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá wá fa orí méjèèjì pọ̀, àárín á kọ́kọ́ tẹ bébà mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò lè fá a tó bẹ́ẹ̀ lè lẹ aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta tó wà láàárín pákó náà. Kò burú, ṣùgbọ́n aṣọ náà á tú bó pẹ́ bó yá.

Rọ́bà tó dára jù fún orí ọ̀pá ni ti tíúbù kẹ̀kẹ́. Ẹ gé e ní òrùka tó fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà kan, kí ẹ yí i lẹ́ẹ̀mejì. Rọ́bà dúdú yìí kò gbọdọ̀ kan bébà, nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ máa ń mọ́ bébà lára. Ìdí nìyí tí a fi fi sẹ̀ntímítà 3 sílẹ̀ lókè.

Ní ti fáníìsì, ìta nìkan ni kí ẹ fi kùn, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ pátápátá. Ojú tí yóò kan bébà gbọ́dọ̀ wà lásán. Nínú ooru, fáníìsì máa ń rọ̀, yíǹkì ìwé ìròyìn á sì lẹ̀ mọ́ ọn, á tún wá lẹ̀ mọ́ ìwé ìròyìn ọjọ́ kejì.

Tí ẹ bá ti di ìwé náà, ẹ dán an wò. Ẹ fi ìka méjì mú abala àárín gbùngbùn, kí ẹ fà á sísàlẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ó bá yọ́, ọ̀pá náà kò tíì ṣeé lò. Lẹ́yìn náà ẹ fa abala ìta. Bí ọ̀kan bá dúró tí èkejì yọ́, ẹ tún ojú pákó wò, ẹ má kàn fi rọ́bà kún rọ́bà.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń tọ́jú yàrá ìkàwé mọ̀ dáadáa: bébà ìwé ìròyìn ní ojú ọ̀nà tó máa ń ya sí. Ẹ mú ògbólógbòó ìwé ìròyìn, kí ẹ ya á láti òkè sísàlẹ̀, kí ẹ tún ya á ní ìbú. Ọ̀kan á ya tààrà, èkejì á ya wọ́gọwọ̀gọ. Ìwé ìròyìn tó fẹ̀ máa ń ya tààrà láti òkè sísàlẹ̀, èyí tí í ṣe ọ̀nà kan náà tí ọ̀pá gbà dúró. Etí pákó tó mú lè gé e bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e, torí ojú ìwé ń ká lórí etí yẹn ní gbogbo ìgbà tí a bá ṣí i. Ti kékeré ń ya tààrà ní ìbú, nítorí náà ìsàlẹ̀ rẹ̀, ibi tí àwọn ènìyàn ti ń fi ìka tó tutù ṣí ojú ìwé, ni a ní láti máa ṣọ́. Ẹ sọ fún òǹkàwé pé kí ó mú ojú ìwé ní igun òkè, kí ó sì gbé e kọjá, kí ó má fà á.

Bí ìwé ìròyìn bá ní ìpín púpọ̀, tí wọn kò tò wọ́n sínú ara wọn, ọ̀pá tó là sí méjì kò tó. Àwọn yàrá ìkàwé ní Amẹ́ríkà máa ń lo ọ̀pá tí wọ́n fi ayùn là sí ọ̀nà bíi mẹ́fà láti orí dé ibi ìdìmú, ìpín kọ̀ọ̀kan sì ní ibi tirẹ̀. Ó ṣòro láti fi ọwọ́ ṣe. Ó rọrùn jù kí a fi ìpín kọ̀ọ̀kan sí ọ̀pá tirẹ̀.

Láti kà á, ẹ gbé ìdí ọ̀pá lé itan tàbí orí tábìlì, kí ọwọ́ kan kàn máa darí rẹ̀. Ọ̀pá àti bébà olójú-ìwé 48 papọ̀ á wọn nǹkan bíi gíráàmù 250, ìyẹn kò wúwo, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí a nà sókè á rẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ọwọ́ kan kò ṣiṣẹ́ mọ́ lè jàǹfààní rẹ̀ gan-an: ẹ gbẹ́ ihò sínú pákó wíwúwo kan, kí ihò náà tóbi tó ibi ìdìmú, kí ó dagun díẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹ ki ọ̀pá bọ̀ ọ́ lórí tábìlì. Ọwọ́ tó kù ló máa ṣí ìwé.

Bí a kò bá kà á, ìbú ni kí ọ̀pá sùn lórí èèkàn méjì tí a kàn mọ́ ògiri, kí bébà máa rọ̀ sísàlẹ̀ ní ìhà méjèèjì. Bí a bá gbé e kọ́ lóòró, igun ìsàlẹ̀ á ká, kò sì ní tẹ́ mọ́. Kí oòrùn má kan ibẹ̀, nítorí pé bébà yìí máa ń pọ́n kíákíá nínú ìmọ́lẹ̀. Ẹ tú u lálẹ́ bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ iwájú, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja. Rọ́bà tíúbù náà kì í pẹ́ kí ó tó là. Ẹ gé bíi mẹ́wàá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ kó wọn sínú agolo tí ìmọ́lẹ̀ kò wọ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ èyí tó bá ti ń là kí ó tó já lọ́wọ́ ẹni tó ń kàwé.