Ọ̀nà Kan Ò Wọjà

Ọjọ́ Àìkú, lálẹ́

Jòhánù orí kẹrìnlá, ẹsẹ kìíní sí ìkẹfà, ni ẹ̀kọ́ wa ní kíláàsì àwọn ọ̀dọ́ láàárọ̀ yìí. Ẹsẹ kẹfà yẹn kì í ṣe tuntun sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àkọ́sórí ọmọdé ni, a ti ń kà á láti ìgbà tí a ò tíì mọ ohun tó ń sọ: "Èmi ni ọ̀nà, àti òtítọ́, àti ìyè: kò sí ẹnikẹ́ni tí ó lè wá sọ́dọ̀ Baba, bí kò ṣe nípasẹ̀ mi." A kà á tán, mo fẹ́ bọ́ sí àlàyé, ni ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ bá nawọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, Mùsùlùmí ni ìyá ìyá mi títí wọ́n fi kú. Àwọn ló tọ́ mi dàgbà. Ṣé wọn ò wá sí lọ́run nìyẹn?"

Kí n tó lanu, ọmọkùnrin kan níwájú ti dá a lóhùn. Ó ní Bíbélì ti sọ ọ́, kò sí ohun tí a fẹ́ máa bò níbẹ̀, iná ni. Wẹ́rẹ́ ló sọ ọ́, ojú rẹ̀ ò tilẹ̀ kúrò lára fóònù. Mo ní nínú ẹsẹ mẹ́fà tí a kà, èmi ò rí iná níbẹ̀, kó kọ́kọ́ tún un kà. Agogo lù, a gbàdúrà, a wọ ilé ìsìn lọ. Àmọ́ ìbéèrè yẹn bá mi jókòó jálẹ̀ ìwàásù, ó sì tẹ̀ lé mi délé.

Kí n kọ́kọ́ kọ ohun tí mo gbàgbọ́ sílẹ̀, kó má baà dà bíi pé mò ń wá ibi sá gbà. Mo gbà pé Jésù nìkan ni ọ̀nà. Mo gbà á torí pé ẹni tó sọ ọ́ kú, ó sì jíǹde. Ká ní kò jíǹde ni, ìgbéraga gbáà ni kí èèyàn jókòó sídìí oúnjẹ, kó wá ní kò sẹ́ni tó lè dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run àfi nípasẹ̀ òun. Bó bá sì jíǹde lóòótọ́, a ò lè máa ṣe bíi pé àbá lásán ló dá.

Ìjọ Áńgílíkà tí wọ́n bí mi sí gan-an ò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Àwọn kókó ìgbàgbọ́ 39 kan wà tí wọ́n fìdí wọn múlẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1571, tí wọ́n sì máa ń tẹ̀ mọ́ Ìwé Àdúrà wa. Ìkejìdínlógún nínú wọn gégùn-ún fún ẹni tó bá sọ pé oníkálukú yóò rí ìgbàlà nípa ẹ̀sìn yòówù tó bá ń ṣe, bó bá ṣáà ti ń fi tọkàntọkàn tẹ̀ lé e. Ègún ni o, kì í ṣe ìmọ̀ràn. Ká sòótọ́, mélòó nínú wa ló tíì ṣí ojú ewé yẹn rí? Ìwé Orin la mọ̀ ọ́n ṣí.

Mo tún orí kẹrìnlá náà kà lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n láti orí kẹtàlá ni mo ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n máa mú Jésù ni. Júdásì ti jáde, ilẹ̀ sì ti ṣú. Jésù ti sọ fún Pétérù pé àkùkọ ò ní kọ tí yóò fi sẹ́ òun lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ti ní òun ń lọ síbi tí wọn ò lè tẹ̀ lé òun dé báyìí. Àyà gbogbo wọn ti já. Ìyẹn ló fi sọ pé, "Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọkàn yín dàrú," tó sì ní ibùgbé pọ̀ nílé Baba òun. Tọ́másì, tí kì í díbọ́n rárá, ló ní àwọn ò mọ ibi tó ń lọ, báwo làwọn ṣe fẹ́ mọ ọ̀nà ibẹ̀. Òun ni Jésù ń dá lóhùn ní ẹsẹ kẹfà. Farisí kankan ò sí nínú yàrá náà, kò sí abọ̀rìṣà, kò sẹ́ni tí Jésù ń bá jiyàn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ẹ̀rù ń bà ló ń fi lọ́kàn balẹ̀ pé wọn ò ní ṣìnà. Èmi ò mọ ìgbà tí a sọ ọ́ di ohun tí a ń nà sí àwọn ará ilé wa lójú.

Mi ò sọ pé ká wá rọ ọ̀rọ̀ náà lójú o. "Kò sí ẹnikẹ́ni" ṣì ni "kò sí ẹnikẹ́ni". Pétérù tó wà nídìí oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn tún un sọ níwájú ìgbìmọ̀ àwọn alàgbà ní Jerúsálẹ́mù pé kò sí orúkọ mìíràn lábẹ́ ọ̀run tí a lè fi gbà wá là. Wọ́n sì lè torí ẹ̀ pa á.

Ẹni tí ọkàn mi wá lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni Àjàyí Crowther. Ọmọdékùnrin ni nígbà tí ogun kó Òṣogùn, ìlú rẹ̀, ní 1821. Bàbá rẹ̀ sáré wọlé wá ní kí wọ́n sá, ó sì padà sójú ìjà. Àjàyí ò fojú kàn án mọ́ láyé, ogun ló pa á. Wọ́n ta ọmọ náà láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà wọ́n lójú òkun ní 1822, tí wọ́n sì gbé wọn lọ sí Sàró. Sàró ló ti gbọ́ nípa Jésù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825.

Nígbà tó fi máa dé Abẹ́òkúta ní 1846, ó ti di àlùfáà. Ìyá rẹ̀ gbọ́, ó wá a wá. Ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n ti rí ara wọn gbẹ̀yìn. Crowther fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ ò lè jáde lẹ́nu àwọn, àwọn kàn jókòó tí àwọn ń wo ara àwọn. Ẹnu ọmọ ni ìyá ti gbọ́ ìhìnrere. Oṣù Kejì ọdún 1848 ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hánà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì.

Inú èèyàn a dùn tó bá gbọ́ ti ìyá. Bàbá wá ńkọ́? Ní 1821 tí bàbá kú, míṣọ́nnárì kankan ò tíì wá jókòó sílẹ̀ wa. Ó di 1842 kí Freeman, míṣọ́nnárì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ náà fún bàbá Àjàyí ká tó máa wádìí bóyá ó gbà tàbí ó kọ̀. Ọmọ rẹ̀ wá di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wàásù pé Jésù nìkan ni Olùgbàlà, ó wà lára àwọn tó túmọ̀ Bíbélì tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ṣé ó mọ ibi tí bàbá rẹ̀ wà? Mi ò rò pé ó mọ̀. Kò sì jẹ́ kí àìmọ̀ yẹn dá òun dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá tó ṣì wà láàyè ló lọ bá sọ̀rọ̀.

Mo sọ èyí fún ìyàwó mi nídìí oúnjẹ. Inú ìjọ Àgùdà ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, kì í sì í pẹ́ tó fi ń rán mi létí. Ó ní àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó ṣe àpérò ní Vatican ti sọ̀rọ̀ sí i ní 1964: ẹni tí kò mọ Kírísítì, tí kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, àmọ́ tó ń fi òótọ́ inú wá Ọlọ́run, lè rí ìgbàlà. Mo ní ta ló máa wá gba ẹni bẹ́ẹ̀ là? Ó wò mí bíi pé mò ń dọ́gbọ́n ṣe ìjàngbọ̀n. "Jésù náà ni. Ta ni ì bá tún jẹ́?"

Mo rò ó, mi ò rí ohun tí mo fẹ́ fi já a. Ábúráhámù ti kú tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó bí Jésù ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, Pọ́ọ̀lù sì ní a ka ìgbàgbọ́ rẹ̀ sí òdodo fún un. Olè orí àgbélébùú ò rí omi ìrìbọmi, kò gba ara Olúwa, gbólóhùn kan ṣoṣo ló bẹ̀ ẹ́. Bí a bá rí wọn lọ́run, ipasẹ̀ ẹnì kan náà ni wọ́n gbà wọlé. Èyí yàtọ̀ pátápátá sí pé gbogbo ẹ̀sìn ń gba èèyàn là. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ẹ̀tàn kọ ìwé: ìyá ìyá ọmọbìnrin yẹn kì í ṣe bàbá Àjàyí. Àárín ìlú tí ṣọ́ọ̀ṣì kún ni wọ́n gbé, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gbọ́ láìmọye ìgbà. Ohun tí wọ́n gbọ́ àti ohun tó wà lọ́kàn wọn nígbà tí ẹ̀mí ń bọ́, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n. Ibi tí ìmọ̀ mi dé dúró nìyẹn. Ábúráhámù kan náà ló bi Ọlọ́run pé, "Onídàájọ́ gbogbo ayé kì yóò ha ṣe èyí tí ó tọ́ bí?" Ìyẹn ni màá sọ fún ọmọ náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mi ò ní ṣèlérí fún un, mi ò sì ní dájọ́ fún un.

(Alàgbà kan fi fídíò ránṣẹ́ sí orí WhatsApp ìjọ lọ́sàn-án yìí kan náà, ti ọkùnrin kan tó ní òun lọ ọ̀run àpáàdì, òun sì padà, tó wá ń ka orúkọ àwọn gbajúmọ̀ tó rí níbẹ̀. Mo pa á rẹ́. Ẹni tí kò gba káńsílọ̀ ìlú rẹ̀ gbọ́ á wá gba ìyẹn gbọ́.)

Lúùkù orí kẹtàlá ni màá ní kí kíláàsì kà. Ẹnì kan bi Jésù pé, "Olúwa, díẹ̀ ha ni àwọn tí a ó gbàlà?" Jésù ò dárúkọ iye kankan. Ó ní kí àwọn tó ń bi òun làkàkà láti wọlé. Àwọn tí ọkàn wọn ti balẹ̀ jù lọ pé ti àwọn ti wọ̀ ló sì wá kì nílọ̀ lẹ́yìn náà, àwọn tí yóò máa kanlẹ̀kùn níta pé àwọn bá a jẹ, àwọn bá a mu.

Ó ku Bàbá Alájì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí wọ́n wà ní Ìwó. Ìyá kan, bàbá kan ni àwọn méjèèjì. Ilé ìwé míṣọ́n ni bàbá mi ti di onígbàgbọ́, Bàbá Alájì dúró sínú ẹ̀sìn tí wọ́n bá nílé. Ẹ̀sìn ò yà wọ́n rí. Bó bá di Iléyá, itan àgbò kan tiwa ni. Bó bá di Kérésì, ìrẹsì àti adìyẹ á lọ sí Ìwó. Àwọn kan nínú ìjọ ní kí onígbàgbọ́ má jẹ ẹran Iléyá. Èmi ń jẹ ẹ́, ó sì máa ń dùn.

Nígbà tí mo lọ kí wọn gbẹ̀yìn, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹ̀yin onígbàgbọ́ ṣáá lẹ ní ojú kan ṣoṣo lèèyàn ti ń wọ̀ ọ́."

Mo ní, "Bàbá, ẹ ò ní wá nǹkan tì. Súrátù Ál-Ìmúrána, ẹsẹ 85 ńkọ́? Ṣé kì í ṣe pé ẹni tó bá wá ẹ̀sìn mìíràn lẹ́yìn Ìsìláàmù, wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. "Ta ló kọ́ ẹ ní kéwú?"

Ká má tan ara wa, nínú àwa méjèèjì kò sí ẹni tó gba òwe yẹn gbọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ ọ̀run. Ọjà ò ní onílé, ẹni tó bá fẹ́ lè gba ibi tó wù ú wọ̀ ọ́. Ilé ní onílé, ibi tí onílé bá sì gbé ilẹ̀kùn sí làlejò ń gbà wọlé. Bàbá Alájì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tí a ti pínyà ni ẹni tí Jésù jẹ́. Wọ́n bọlá fún Ànábì Ísà ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jẹ́ onígbàgbọ́ lẹ́nu lásán lọ: wọ́n gbà pé wúńdíá ló bí i, wọ́n gbà pé yóò padà wá. Wọn ò gbà pé ó kú lórí igi, wọn ò sì gbà pé Ọmọ Ọlọ́run ni. Èmi ò lè fo ìyẹn dá kí àárín wa lè dùn, àwọn náà ò sì retí pé kí n fò ó. Mò ń dárúkọ wọn nínú àdúrà mi. Mo mọ̀ pé àwọn náà ń ṣe àdúà fún mi, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń tọrọ.

Crowther ṣe irú ìjókòó yìí láàfin Ìlọrin ní 1872, pẹ̀lú àwọn Mùsùlùmí tó mọ̀wé. Ọ̀nà tó ń gbà ni pé ohun tó wà nínú Bíbélì Yorùbá ló máa ń kà jáde bí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè, kì í fi ẹ̀sìn wọn ṣẹ̀sín. Ó kọ ọ́ níkẹyìn pé Bíbélì gan-an ni yóò ja ìjà ara rẹ̀. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju ariwo tí a ń fi gbohùngbohùn pa kiri lọ.

Bàbá Alájì ní kí n tètè dé ní Iléyá tó ń bọ̀, kí n mú Bíbélì dání, àwọn á ti ní kí ààfáà àwọn jókòó dè mí. Mo ti ń sàmì sí Jòhánù. Ìyàwó mi ní kí n má wulẹ̀ gbàgbé abọ́ tí a máa fi gbẹ́ran bọ̀.