Àdàbà Kúbà: wájì ń yọ́ wọ ojú rẹ̀

Ara àdàbà Kúbà tí mo ń fi igi gbẹ́ ti parí. Ẹsẹ̀ ti dúró. Orí ló kù, orí náà ló sì gba gbogbo ọ̀sán òní lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá iṣẹ́ yìí bọ̀ mọ bí ojú ẹyẹ náà ṣe rí: atàrí aláwọ̀ aró, ìlà dúdú tó gba ẹyinjú kọjá, ìlà funfun lábẹ́ rẹ̀, ọ̀fun dúdú tí funfun tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí rẹ̀ ká. Bí wájì, aró ìbílẹ̀ tí mo fi ń kun atàrí náà, ṣe kan igi ọmọ̀ báyìí, ńṣe ló gba inú iṣan igi yọ́ lọ, ó kọjá ìlà dúdú, ó yọ sórí funfun. Mo fi sáńpépà ha á, mo dín omi kù, mo tún un kùn. Ó tún yọ́. Mo wá fi síìlà àwọn káfíńtà dí ojú igi. Wájì kọ̀, kò mú mọ́. Bó ṣe gbẹ tán ló ń gbọ̀n dànù bí eruku.

Ṣóńṣó ọ̀bẹ ló gbà mí. Mo fi fa ààlà tín-ín-rín sábẹ́ atàrí, mo kun ojú nìkan ní síìlà, mo fi atàrí sílẹ̀ lásán. Wájì dé ààlà, ó dúró!

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra wájì lọ́wọ́ lékulẹ́ja, odindi ni kẹ́ ẹ rà, ẹ má ra lílọ̀. Ẹ fi èékánná ha á wò; èyí tó bá kúnná ló dáa.

Orí ẹ̀ka ni mo fẹ́ gbé e lé tẹ́lẹ̀. Mo ti yí i padà. Ilẹ̀ ni ẹyẹ yìí ń rìn, lábẹ́ igi ńlá, láàárín òkúta àti ewé gbígbẹ, ó ń ṣa èso àti ìgbín jẹ. Kò sí níbòmíì láyé àfi Kúbà. Wọ́n ń dẹ pańpẹ́ fún un nítorí ẹran rẹ̀, igbó rẹ̀ náà sì ń tán; IUCN, àjọ àgbáyé tó ń ṣọ́ àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ parun, ní àwọn àgbà rẹ̀ tó kù kò tó 2,500. Ara ibi tí wọ́n ṣì ti ń rí i ni àbàtà Zapata ní Matanzas, ìpínlẹ̀ tí àwọn Lùkùmí, àwọn tó jogún àṣà Yorùbá ní Kúbà, ti ń lu bàtá fún òrìṣà wa dòní. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní wájì, ẹfun àti osùn ni màá fi kùn ún, kì í ṣe ọ̀dà inú agolo.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, mo tún gbé orí náà síta wò. Wájì nìkan ti dúdú jù. Aró orí ẹyẹ náà mọ́lẹ̀ ju báyìí lọ. Màá po ẹfun díẹ̀ mọ́ ọn, màá kọ́kọ́ dán an wò lára àjákù igi kan náà. Osùn àyà á dúró ná.